Ẹyin kan yàtọ̀ nínú ìtẹ́ ẹyẹ tó wà létí oko mi: ṣé kí n yọ ọ́?

Ìbéèrè

Ẹ kú iṣẹ́ o. Olùkọ́ ni mí kí n tó fẹ̀yìn tì. Oko ẹ̀gẹ́ àti àgbàdo ni mo gbájú mọ́ báyìí, ní apá Òkè-Ògùn. Igbó wúruwùru kan wà létí oko náà tí mo fẹ́ kí wọ́n ṣán kí n lè fi ilẹ̀ ibẹ̀ kún un. Ọmọ-ọmọ mi ló rí ìtẹ́ kékeré kan níbẹ̀, inú ewé ló wà, kò ga ju ìbàdí mi lọ. Ẹyẹ tó ni ín kéré, ìrù rẹ̀ gùn. A rò pé ológoṣẹ́ ni. Ẹyin mẹ́rin ló wà nínú rẹ̀. Mẹ́ta jọra, ìkẹrin yàtọ̀ díẹ̀. Ẹnì kan ní ẹyẹ mìíràn ló wá yé e síbẹ̀, pé tí n kò bá yọ ọ́, yóò pa àwọn yòókù. Ẹlòmíràn ní tí mo bá fọwọ́ kan ìtẹ́ náà, ìyá wọn yóò kọ̀ wọ́n sílẹ̀. Fọ́tò tí ọmọ náà yà nìyí. Àwọn alágbàṣe ń bọ̀ ní Mọ́ńdè. Kí ni kí n ṣe?

Ìdáhùn

Màmá, ẹ kú oko o. Ẹ bá mi kí ọmọ-ọmọ yín, ojú rẹ̀ mú. Ọ̀pọ̀ àgbà ló ti kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ irú ìtẹ́ yẹn láìrí i, èmi náà wà lára wọn.

Ohun tí ẹ máa ṣe ni kí n kọ́kọ́ sọ. Ẹ má yọ ẹyin náà. Ẹ má sì jẹ́ kí àwọn alágbàṣe dé etí igbó yẹn ní Mọ́ńdè. Kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ láti apá kejì oko, kí wọ́n fi ibẹ̀ sílẹ̀ fún nǹkan bí ọ̀sẹ̀ márùn-ún. Tí ẹ bá ti ṣe ìyẹn, ẹ ti ṣe èyí tó pọ̀ jù níbẹ̀. Àlàyé ló kù. Yóò gùn díẹ̀, torí ọ̀rọ̀ ẹyin ẹyẹ yìí wà lára ohun tí mo fẹ́ràn jù láti máa sọ. Kíka ẹyẹ àti ṣíṣọ́ ìtẹ́ wọn ni iṣẹ́ mi. (Ní abúlé kan tí mo ti ṣiṣẹ́, ẹlẹ́yẹ ni wọ́n ń pè mí, títí ìyá àgbà kan fi bá wọn wí pé irú orúkọ wo ni wọ́n fi ń pe ọmọ ọlọ́mọ.)

Ẹyẹ inú fọ́tò yín kì í ṣe ológoṣẹ́. Mo mọ̀ pé gbogbo ẹyẹ tó bá ti kéré tí àwọ̀ rẹ̀ sì jọ erùpẹ̀ la máa ń pè bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ wo ẹnu rẹ̀ dáadáa. Ọkà àti èso koríko ni ológoṣẹ́ ń jẹ, ìdí nìyẹn tí ẹnu rẹ̀ fi kúrú tó sì ki. Ẹnu èyí tẹ́ẹ́rẹ́ bí abẹ́rẹ́, torí kòkòrò ló fi ń mú: èèrà, ikán, tata kéékèèké, alántakùn, labalábá àti àwọn ọmọ labalábá tó ń fà lórí ewé. Ilà funfun kan wà lókè ojú rẹ̀, ẹyinjú rẹ̀ pọ́n díẹ̀, ẹ̀gbẹ́ ikùn rẹ̀ sì ní àwọ̀ bí iyẹ̀pẹ̀ pupa. Ìrù rẹ̀ ló máa ń tú àṣírí rẹ̀. Ó gùn, ó tín-ín-rín, a máa gbé e sókè, a sì máa jù ú sọ́tùn-ún sósì bí ẹni tó ń lé eṣinṣin.

Orúkọ tí àwọn onímọ̀ fún un ni Prinia subflava. Gmelin, ará Jámánì, ló kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ lọ́dún 1789, láti ara èyí tí wọ́n rí ní Sẹ̀nẹ̀gàl. Ọ̀rọ̀ prinia fúnra rẹ̀ wá láti èdè àwọn ará Java, níbi tí ìbátan rẹ̀ kan ń gbé. Ẹ jẹ́ ká kàn máa pè é ní prinia. Láti Sẹ̀nẹ̀gàl dé Etiópíà, títí lọ kan Gúúsù Áfíríkà, ibi tí koríko bá ti dà pọ̀ mọ́ igi kúkúrú tí kò sì tíì di igbó kìjikìji, ẹ ó bá a níbẹ̀. Ọ̀dàn apá ọ̀dọ̀ yín bá a lára mu gan-an. Ó gùn tó sẹ̀ǹtímítà 11, ìrù sì kó èyí tó pọ̀ níbẹ̀. Ní ti ìwọ̀n, nǹkan bíi gíráàmù 9 ni. Ẹ̀yin tí ẹ ti jẹ́ olùkọ́ ẹ ó mọ èyí: abala ìwé A4 méjì, irú tí wọ́n fi ń tẹ ìdánwò, wúwo jù ú lọ díẹ̀.

Kí n tó wo ẹyẹ náà rárá ni mo ti dá ìtẹ́ mọ̀. Ẹ̀gà ń so tirẹ̀ rọ̀ sórí ẹ̀ka, ẹnu ọ̀nà rẹ̀ a sì kọjú sílẹ̀. Prinia ń ya ewé koríko sí wẹ́wẹ́ bí òwú. A fi ẹnu lu ihò sára ewé tútù tó wà lórí igi, a ti òwú náà bọ inú ihò yẹn bí aránṣọ, a tún fà á jáde lódì kejì, títí ewé àti koríko yóò fi di àpò kan ṣoṣo. Ẹnu ọ̀nà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́, lápá òkè. Ewé náà kò kú, tútù ló wà, ìyẹn ni ojú kì í fi í tètè rí ìtẹ́ náà. Ẹ fi èyí sọ́kàn, a máa padà sí i tí a bá dé orí oògùn apakoríko. Ẹyẹ mìíràn wà ládùúgbò yín tó ń rán ewé bẹ́ẹ̀, Camaroptera ni wọ́n ń pè é, ṣùgbọ́n ìrù tirẹ̀ kúrú, igbe rẹ̀ sì dà bíi ti ọmọ ewúrẹ́ tó sọ ìyá rẹ̀ nù. Tí ẹ bá gbọ́ ọmọ ewúrẹ́ nínú igbó tí ẹ kò rí ewúrẹ́, òun nìyẹn.

Ó wá kan ẹyin. Tí mo bá kó ẹyin láti ìtẹ́ prinia mẹ́wàá síwájú yín, ẹ lè búra pé ẹyẹ oríṣi mẹ́wàá ló yé wọn. Òmíràn funfun, òmíràn búlúù bí ojú ọ̀run àárọ̀, òmíràn pupa rẹ́súrẹ́sú, òmíràn sì ní àwọ̀ ewé tó ti ń gbẹ. Lórí àwọ̀ yẹn ni àmì tún wà: tótòtó kéékèèké lára ọ̀kan, àbààwọ́n ńláńlá lára èkejì, ìlà wíríwírí bí ibi tí ènìyàn ti dán bírò wò lára ẹ̀kẹta. Síbẹ̀, abo kan ṣoṣo kì í yé oríṣi méjì. Irú èyí tó bá yé lọ́dún yìí náà ni yóò yé lọ́dún tó ń bọ̀, títí yóò fi kú.

Tí mo bá ń ṣàlàyé rẹ̀ fún àwọn ọmọ ilé-ìwé, ilà ojú ni mo fi ń ṣe àpẹẹrẹ. Láyé àtijọ́, ẹni tó bá rí àbàjà tàbí pélé lójú ọmọ tó sọnù yóò mọ apá ibi tí yóò dá a padà sí. Prinia náà kọlà fún ọmọ rẹ̀, àmọ́ láti ara èèpo ẹyin ni, abo kọ̀ọ̀kan ló sì ní ilà tirẹ̀. Olè ló sọ ọ́ di aláàmì bẹ́ẹ̀.

Anomalospiza imberbis ni orúkọ olè náà nínú ìwé. Èmi a máa pè é ní ayésílé-onílé. Akọ rẹ̀ ní àwọ̀ ìyeyè, ẹnu rẹ̀ ki ó sì dúdú. Abo rẹ̀ rí bí ológoṣẹ́ lásán. Èso koríko ni àgbà rẹ̀ ń jẹ. Kì í kọ́ ìtẹ́, kì í sàba. Abo a ṣọ́ ibi tí prinia tàbí àwọn ìbátan rẹ̀ kọ́lé sí, a yọ́ wọlé, a sábà máa kó ẹyin onílé kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ dànù, a yé tirẹ̀ sí i, ó di gbére. Ọmọ rẹ̀ a pa ṣáájú ti onílé, a tètè dàgbà, òun ni yóò sì máa gba gbogbo oúnjẹ sẹ́nu. Kòkòrò ni wọ́n fi ń bọ́ ọ níbẹ̀, òun tí àwọn òbí rẹ̀ kò jẹ ju èso koríko lọ. Kì í gún àwọn ọmọ onílé pa gẹ́gẹ́ bí irú rẹ̀ mìíràn ti ń ṣe. Ebi ni yóò pa wọ́n láàárín ọjọ́ díẹ̀. Ẹni tó kọ́kọ́ bá yín sọ̀rọ̀ kò parọ́, nígbà náà.

Gúúsù Zambia, lágbègbè Choma, ni wọ́n ti mọ èyí tó pọ̀ jù nípa ìjà àwọn méjèèjì. Claire Spottiswoode, onímọ̀ ẹyẹ láti Gúúsù Áfíríkà, àti Martin Stevens pàrọ̀ ẹyin láti ìtẹ́ prinia kan sí òmíràn, wọ́n wá ń wo èyí tí onílé gbà àti èyí tó jù síta. Nínú iṣẹ́ tí wọ́n gbé jáde lọ́dún 2010, ó hàn pé kì í ṣe àwọ̀ nìkan ni prinia ń wò. Ó ń wo bí àmì ṣe tóbi tó, ó tún ń wo bí wọ́n ṣe fọ́n ká lórí ẹyin. Ojú ẹyẹ sì ju tiwa lọ: irú ìmọ́lẹ̀ kan wà tí ojú ènìyàn kò lè rí tí tiwọn ń rí. Ẹyin méjì tó bá dà bí ìbejì lójú ẹ̀yin àti èmi lè má jọra rárá lójú prinia.

Olè náà kò káwọ́ gbera. Nígbà tí wọ́n fi ẹyin tí wọ́n ti ń kó jọ ní Choma láti nǹkan bí 40 ọdún sẹ́yìn wé ti ìsinsìnyí, wọ́n rí i pé ẹyin prinia ti yí àwọ̀ padà, ti olè náà sì ń tọ̀ ọ́ lẹ́yìn. 40 ọdún péré! Ọmọ tí ẹ kọ́ ní álífábẹ́ẹ̀tì nígbà yẹn lè má tíì fẹ̀yìn tì. Ṣùgbọ́n ibì kan wà tí ẹsẹ̀ olè kò dé. Iṣẹ́ kan tó jáde lọ́dún 2022 fi hàn pé ọ̀dọ̀ ìyá nìkan ni abo ayésílé-onílé ti ń jogún irú ẹyin tí yóò máa yé. Baba kò lọ́wọ́ sí i. Prinia ń jogún tirẹ̀ láti ọ̀dọ̀ baba àti ìyá, nítorí náà ó lè po àwọ̀ méjì pọ̀ kó di ẹ̀kẹta. Ẹyin aláwọ̀ ewé gbígbẹ tí mo mẹ́nu bà lẹ́ẹ̀kan, olè náà kò rí irú rẹ̀ yé. Kò sí ibi tí yóò ti rí àwọ̀ yẹn pò.

Ọgbọ́n mìíràn ló ń dá. Abo a máa padà wá yé ẹyin kejì, nígbà mìíràn ẹ̀kẹta, sínú ìtẹ́ kan náà. Tí ayédèrú bá ti ju ẹyọ kan lọ láàárín ojúlówó, ọ̀rọ̀ a dojú rú mọ́ onílé lọ́wọ́, kò ní mọ èyí tí yóò jù. Abo náà tún jọ abo ẹyẹ mìíràn, ìbátan ẹ̀gà, tí kì í ṣe ibi fún ẹnikẹ́ni. Prinia kò lè yà wọ́n sọ́tọ̀, nítorí náà àwọn méjèèjì ló ń lé. Mo máa ń káàánú ìbátan ẹ̀gà yẹn. Ojú ló fi jọ olè, ó wá ń jẹ nínú ìyà rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká padà sórí ẹyin kẹrin tiyín. Ohun àkọ́kọ́ tí mo rí nínú fọ́tò náà ni oòrùn. Ẹ̀gbẹ́ kan ló gbà wọ inú ìtẹ́. Ẹyin mẹ́ta wà nínú òjìji, ìkẹrin wà nínú ìmọ́lẹ̀. Ìyẹn nìkan tó láti sọ àwọ̀ kan di méjì lójú fóònù. Ohun kejì: àmì a máa pọ̀ níbi tí ẹyin ti fẹ̀ ju ibi tó ti ṣe ṣóńṣó lọ, nítorí náà ẹyin tó kọ ìdí sí yín àti èyí tó kọ orí sí yín kò lè jọra. Tí ọmọ náà bá padà dé ibẹ̀ lọ́jọ́ mìíràn tí ìyá wọn ti yí wọn, ó lè jẹ́ ẹyin mìíràn ni yóò dà bí àjèjì.

Bí ó bá sì yàtọ̀ lóòótọ́ ńkọ́? Tí ojú tiyín bá rí i, tirẹ̀ náà ti rí i. Ó lè jẹ́ pé kò tíì ṣe tán láti jù ú ni, torí kì í ṣe ọjọ́ náà gan-an ni gbogbo wọn ń jù ú. Mo gbà pé ó lè ṣìnà, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ olè kì bá tí rí jẹ. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin náà lè ṣìnà, tiyín ló sì máa dùn ún jù, torí tí ẹ bá mú ojúlówó, ẹ ti gba ọmọ kan nínú mẹ́rin lọ́wọ́ rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni olè yìí kò pọ̀ lápá tiwa. Ìlà-oòrùn àti gúúsù Áfíríkà ló ti pọ̀. Ní Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà, gátagàta ló wà. Ká ní mo ń ta tẹ́tẹ́ ni, oòrùn ni màá fi owó mi lé. Ẹ tún rò ó wò: ẹyin tí kò ju èékánná àtàńpàkò lọ, inú àpò tí ẹnu rẹ̀ há. Ẹ kò ní rí i yọ láìfa òwú kan tàbí méjì já.

Ẹni kejì tó ní kí ẹ má fọwọ́ kan ìtẹ́, ìmọ̀ràn rẹ̀ dára, ìdí tó fi sọ ọ́ ló kù díẹ̀ káàtó. Òórùn ọwọ́ yín kọ́ ni yóò lé prinia. Ìdíwọ́ ló lè lé e, kí ènìyàn dúró síbẹ̀ pẹ́ tàbí kó máa lọ máa bọ̀, pàápàá nígbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yé. Lẹ́yìn tó bá ti sàba fún ọjọ́ mélòó kan, ó ṣòro kó tó fi ẹyin sílẹ̀. Ohun tí mo ń bẹ̀rù jù ni ejò, eku àti ẹ̀lúùlú, nítorí pé ẹsẹ̀ yín lè la ọ̀nà fún wọn.

Mo kọ́ èyí lọ́nà tó dùn mí. Nígbà tí mo ṣì jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́, mo rí ìtẹ́ prinia kan tí ewé bò. Fọ́tò tó mọ́ ni mo fẹ́. Mo fa ewé méjì sẹ́gbẹ̀ẹ́, mo fi òwú so wọ́n, mo ya fọ́tò mi, mo tú ewé sílẹ̀, mo lọ. Nígbà tí mo padà dé lọ́jọ́ kejì, ìtẹ́ náà wà bó ṣe wà, kò ya, kò já, àmọ́ ó ti ṣófo. Koríko tí mo tẹ̀ mọ́lẹ̀ ti di ọ̀nà tààrà láti ojú ọ̀nà dé ìdí igi náà. Fọ́tò yẹn ṣì wà lọ́wọ́ mi. Ó mọ́ dáadáa. N kì í fi hàn ẹnikẹ́ni.

Nítorí náà, tí ọmọ náà bá fẹ́ máa wò ó, kó dúró ní ìwọ̀n ìṣísẹ̀ 15 sí i, kó jókòó, kó máa wo bí àwọn òbí ṣe ń wọlé. Òun ni yóò rí ohun tó dára jù, torí àtakọ àtabo ló ń gbé oúnjẹ wá. Tí ẹ bá ní láti yọjú, ẹ má gba ọ̀nà kan náà lẹ́ẹ̀mejì, ẹ má sì dúró síbẹ̀. Ẹ kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ bí ẹni tó ń lọ síbòmíràn, kí ipasẹ̀ yín má bàa parí sídìí ìtẹ́. Ẹ má lọ nígbà òjò, ẹ má lọ nígbà tí oòrùn bá mú, torí ẹyin tí ìyá bá fi sílẹ̀ nígbà náà kì í pẹ́ tutù tàbí kó gbóná jù.

Ọ̀sẹ̀ márùn-ún tí mo sọ, báyìí ni mo ṣe kà á. Ẹyin kan lóòjọ́ ni prinia ń yé. Mẹ́rin ti wà nílẹ̀, ó ṣeé ṣe kó ti máa sàba. Nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì ni wọn yóò fi pa, nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì mìíràn ni àwọn ọmọ yóò fi wà nínú ìtẹ́. Ọ̀sẹ̀ kan tó kù ni ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í kà. Lọ́jọ́ tí ọmọ prinia bá bọ́ síta, kò tíì mọ̀ ọ́n fò dáadáa. Inú koríko tó yí ìtẹ́ ká ló ń fara pamọ́ sí, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń bọ́ ọ. Ẹni tó bá rí i pé ìtẹ́ ti ṣófo, tó wá ní kí wọ́n ṣán ibẹ̀ lọ́jọ́ kejì, àdá ló fi ń kí àwọn ọmọ yẹn káàbọ̀ sáyé.

Tí ẹ kò bá lè dúró tó bẹ́ẹ̀, mo mọ̀ pé òjò kì í dúró de àgbẹ̀. Ẹ fi ìwọ̀n ìṣísẹ̀ 10 sílẹ̀ yí ìtẹ́ náà ká, kí igbó tí ẹ fi sílẹ̀ sì so mọ́ èyí tó wà lẹ́yìn ààlà. Bí wọ́n bá ṣán gbogbo rẹ̀ tán tí igi kan ṣoṣo wá dá dúró ní gbangba, ẹ ti fi ìka tọ́ka sí i fún ẹ̀lúùlú nìyẹn. Ẹ ri igi méjì mọ́lẹ̀, ẹ so àkísà mọ́ wọn, kí àwọn alágbàṣe mọ ibi tí àdá yóò dúró. Ẹ má so àkísà mọ́ igi tí ìtẹ́ wà. Ọ̀kan nínú wọn yóò sì ní kí ẹ jẹ́ kí òun gé ẹ̀ka náà, kí òun gbé e lọ síbòmíràn. Inú rere ni, ẹ má gbà fún un. Ibi tí prinia fi ìtẹ́ sí ló mọ̀. Tí ẹ bá gbé e kúrò, ibi tó wà tẹ́lẹ̀ ni yóò máa padà sí, ewé tí ẹ gé yóò sì gbẹ.

Ìyẹn ló gbé wa dé orí oògùn apakoríko. Ìtẹ́ yìí kò jókòó sórí ẹ̀ka bíi ti àdàbà, ara ewé tútù ni wọ́n rán an mọ́. Tí oògùn bá kan igi náà, kódà bó jẹ́ afẹ́fẹ́ ló gbé e débẹ̀, ewé yóò rọ, yóò ká kò, ìtẹ́ yóò sì já pẹ̀lú ẹyin inú rẹ̀. Oògùn apakòkòrò kò ní já ìtẹ́, àmọ́ oúnjẹ tó yẹ kó wọ ẹnu àwọn ọmọ ni yóò pa. N kò ní sọ fún yín pé ìdílé prinia kan lè gba oko àgbàdo sílẹ̀ lọ́wọ́ kòkòrò. Síbẹ̀, láti òwúrọ̀ di alẹ́ ni wọ́n ń ṣa kòkòrò láti orí ewé, wọn kò sì gba kọ́bọ̀.

Tí ẹ bá ṣì fẹ́ fi ibẹ̀ kún oko lọ́dún tó ń bọ̀, ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni kí ẹ ti ṣán an, kí òjò àkọ́kọ́ tó rọ̀. Ìgbà òjò ni prinia sábà máa ń kọ́lé, nígbà tí koríko bá tutù tó ṣeé rán, tí kòkòrò sì pọ̀. Tèmi ni pé kí ẹ fi igbó tẹ́ẹ́rẹ́ kan sílẹ̀ lórí ààlà títí láé, ṣùgbọ́n ẹ̀yin lẹ ni ilẹ̀.

Tó bá wá jẹ́ pé ẹni àkọ́kọ́ yẹn ló jàre, tí ọmọ olè sì pa nínú ìtẹ́ náà, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má pa á. Ọmọ onílẹ̀ ni òun náà, ọjọ́ ti pẹ́ tí òun àti prinia ti jọ ń bá eré yìí bọ̀. Prinia pọ̀ káàkiri, tí ìtẹ́ kan bá bàjẹ́, a tún kọ́ òmíràn. Ayésílé-onílé ló ṣọ̀wọ́n lápá tiwa. Nigerian Bird Atlas Project, tí ilé-ẹ̀kọ́ ẹyẹ A.P. Leventis ní Jos wà nídìí rẹ̀, ń gba àkọsílẹ̀ lọ́wọ́ àwọn ènìyàn kárí Nàìjíríà láti mọ ibi tí ẹyẹ kọ̀ọ̀kan ń gbé, irú èyí yóò sì wúlò fún wọn gan-an.

Ní nǹkan bí ọjọ́ kẹwàá tí ẹyin bá ti pa, kí ọmọ náà jókòó síbi ìṣísẹ̀ 15 rẹ̀, kó fa fóònù súnmọ́, kó ya fọ́tò kan ṣoṣo nígbà tí òbí bá gbé oúnjẹ dé. Tí ó bá jẹ́ ẹnu tẹ́ẹ́rẹ́ mẹ́ta mẹ́rin ló yọ síta, ẹ bá mi kí wọn. Tó bá jẹ́ ẹnu kan ṣoṣo, tó ki bíi ti ológoṣẹ́, ẹ pè mí kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú. Màá wá, owó ọkọ̀ ara mi ni màá sì fi wá.